Ibi Tí Orí Ọmọ Náà Dé

 

Ìyá àgbà kan nínú ìjọ kọ̀wé sí mi láìpẹ́ yìí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Ítálì, ó sì fẹ́ kí ìyá òun wá kí òun ní Bari, ìlú etí òkun kan ní gúúsù ilẹ̀ náà, ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ooru wọn bá ti rọlẹ̀ tí òtútù kò sì tí ì dé. Ìbéèrè ìyá wa ni pé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí arúgbó jẹ́ kí a ná owó tó bẹ́ẹ̀ nítorí àtiwo òkun?

Ìdáhùn mi kò gùn. Ìyá, ẹ lọ. Òkun nìkan kọ́ ni ẹ ó rí níbẹ̀. Ní 1087 ni àwọn atukọ̀ Bari gbé egungun Nikọ́láọ̀sì Mímọ́ wá láti Mira, ìlú kan tí ó wà ní ilẹ̀ Tọ́kì lónìí, a sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá sí ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Àjèjì ni ó jẹ́ ní Bari, síbẹ̀ orúkọ ìlú náà ni a fi ń pè é káàkiri. Ìtàn tí àwọn baba ìgbàgbọ́ sọ nípa rẹ̀ ni ti ọkùnrin kan tí òṣì ta, tí ó fẹ́ fi àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta ṣòwò àgbèrè. Nikọ́láọ̀sì ju àpò wúrà sínú ilé náà ní òru, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìtàn yìí sí ọkàn, nítorí a ó padà sí i.

Èmi kò tí ì dé Bari. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án tí ó kọjá, èmi náà lọ sí ìlú etí òkun kan, èyíinì ni Àgbádárìgì. Ọ̀dọ́ mẹ́rìnlá ni mo kó lẹ́yìn. Kàdúná ni a bí gbogbo wọn sí. Wọ́n gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rí òkun rí. Mo sọ fún wọn pé odò Kàdúná tí wọ́n ń gba orí afárá rẹ̀ kọjá ń ṣàn lọ bá odò Ọya, odò Ọya sì ń gbé omi náà lọ sínú òkun. Omi náà ti mọ ọ̀nà etí òkun kí a tó bí wa.

Òjò òwúrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni nígbà tí a débẹ̀. Afẹ́fẹ́ tutù, ọ̀sà dákẹ́ rọ́rọ́, igi àgbọn sì tò lọ ní bèbè rẹ̀. Àwọn apẹja tí wọ́n jẹ́ Ògù, tí àwa Yorùbá ń pè ní Ègùn, ń fa àwọ̀n wọn. A dúró níbi tí igi Àgíà wà kí ó tó wó ní 1959, lábẹ́ èyí tí a ti wàásù ìhìn rere ní 1842. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni Thomas Birch Freeman, tí baba rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. A dé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nárì kọ́ parí ní 1845, níbi tí Samuel Ajayi Crowther gbé ṣiṣẹ́ lórí ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá.

Níbẹ̀ ni mo ti sọ ìtàn Àjàyí fún àwọn ọ̀dọ́ náà. Ní 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, òun àti ìyá rẹ̀, a sì yà wọ́n nípá. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, ó sì gbé e lọ sí Freetown. Ní 1846, nígbà tí ó ti kúrò ní Àgbádárìgì lọ sí Abẹ́òkúta, ni òun àti Àfàlà ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn. Ó ti di ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Láti ibẹ̀ a lọ sí ilé Sẹ̀ríkì Williams Abass. Ẹ̀yin ará Kàdúná mọ ibi tí oyè Sẹ̀ríkì ti wá. Ìjógà-Orílé ní ilẹ̀ Yewa ni a ti kó ọkùnrin yìí lẹ́rú ní kékeré, tí a tà á, tí ó sì dé Brazil. Nígbà tí ó padà wá, òwò tí a fi òun ṣe ni òun náà gbé dání. Ó kú ní 1919. Afinimọ̀nà fi àwọn yàrá tóóró tí a ń kó ẹrú pamọ́ sí hàn wá, ó sì ní ogójì ni wọ́n.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin wa bi mí pé, "Bàbá, ṣé Yorùbá ni ẹni tí ó ni ilé yìí?"

Mo ní, "Yorùbá ni."

"Ó sì mọ bí ẹ̀wọ̀n ti ń dun ni?"

"Ó mọ̀ ọ́n dájú."

"Báwo ni ó ṣe wá ṣe é?"

N kò rí èsì fún un.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, obìnrin kan kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, Bàbá. Wọ́n ní Kàdúná ni ẹ ti wá." Ó dárúkọ ọmọ rẹ̀, ara mi sì bù máṣọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọmọ náà nígbà tí a mú un wá sí ọ̀dọ̀ ìdílé kan nínú ìjọ wa, kí ó máa ràn wọ́n lọ́wọ́, kí wọ́n sì máa rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Èmi gan-an ni mo kọ ìwé tí ó fi ọkàn ìyá náà balẹ̀ pé ilé onígbàgbọ́ ni ọmọ òun ń lọ. Ọdún mẹ́fà nìyẹn. Mo palẹ̀ mọ́ láti lọ sí Àgbádárìgì, kò sì wá sí ọkàn mi rárá pé ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀.

Kò bá mi jà. Ó ní òun a máa gbọ́ ohùn ọmọ náà lórí fóònù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n fóònù kì í sọ bí ọmọ ti ń dàgbà. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ibo ni orí rẹ̀ dé báyìí?"

Mo gbé ọwọ́ sókè dé àyà mi. Mo tún gbé e sókè díẹ̀. Òtítọ́ ni pé n kò mọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi gbogbo ni mo ń rí ọmọ náà, n kò wò ó rí.

Nígbà tí mo padà dé, mo lọ sí ilé náà. Ènìyàn búburú kọ́ ni wọ́n. Wọn kì í nà án, wọn kì í sì fi ebi pa á. Ṣùgbọ́n kíláàsì kẹta ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ dúró sí, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí yóò jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Mo béèrè ìdí tí kò fi dé ilé láti ọdún mẹ́fà. Ìyá ilé náà ní, "Bàbá, ẹ mọ̀ pé owó ọkọ̀ ti wọ́n." N kò lè bá a wí bí onídàájọ́, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé mi wà lára ìwé ọjọ́ náà. Mo sọ fún un pé àwa méjèèjì ni a jẹ̀bi. Ọmọ náà gbé omi wá fún mi. Mo dìde dúró tì í: èjìká mi ni orí rẹ̀ dé.

A ti fi ìmọ̀ ṣọ̀kan. Yóò lọ sí ilé ní oṣù Kejìlá. Èmi yóò san ìdajì owó ọkọ̀, wọn yóò san ìdajì. Bí òun àti ìyá rẹ̀ bá fẹ́ kí ó padà, ilé ẹ̀kọ́ ni yóò padà sí ní oṣù Kìíní, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yin ará, n kò sọ pé ẹrú ni ọmọ ọ̀dọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín tọ́ ọmọ ọlọ́mọ débi pé wọ́n ń ṣúre fún yín títí di òní. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń ké pé ojú ilé ń ro wá, tí a máa ń wí pé àjò kì í dùn kí onílé má re ilé, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ọmọ tí ń fọ abọ́ nínú ilé ìdáná wa pàápàá jẹ́ onílé níbì kan. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìgbà tí ó rí ìyá rẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ wo ìwé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí owó ọkọ̀ bá jẹ́ ìṣòro, ẹ wá bá mi ní ìkọ̀kọ̀, kí á jọ wá ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fi òru ju àpò wúrà sínú ilé.

Ìyá wa tí ó kọ̀wé, ẹ lọ sí Bari. Owó náà kò ṣòfò. Ọmọ yín fẹ́ fojú kàn yín, ẹ̀yin náà yóò sì mọ ibi tí orí rẹ̀ dé.

Kí Olúwa kí ó mú olúkúlùkù dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní àlàáfíà. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ẹ kú àṣálẹ́.