Al-iksir: Orúkọ Tí Kò Ní Ohun Tó Ń Jẹ́ Ẹ

Láyé àtijọ́, àwọn kan wá èròjà tí wọ́n ń pè ní al-iksir, tí wọ́n ní yóò sọ bàbà di wúrà. Orúkọ náà wọ inú èdè àwọn ará Yúróòpù, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò rí èròjà náà. Ibn Sina (980–1037), oníṣègùn Mùsùlùmí, ti ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀, Kitab al-Shifa, pé àwọ̀ nìkan ni wọ́n lè pa dà: bàbà tí a pa láró funfun jọ fàdákà, kò di fàdákà.

Síbẹ̀, àwọn Mùsùlùmí kan ṣì ń kó owó oúnjẹ ọmọ fún ẹni tó ní òun ń sọ owó di ìlọ́po méjì. Ẹ béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ kì í ṣe ẹ̀rí. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó ṣàǹfààní. Àmín.