Òjé Nínú Ara Ọmọbìnrin

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin baba, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin wa la fẹ́ sọ lónìí.

Gbogbo wa la mọ òjé. Òun ni irin rírọ̀ tó wúwo, tó wà nínú bátìrì mọ́tò. Òun ni a fi ń ṣe ọta kéékèèké tí ọdẹ ń lò. Òun náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ tìróò tí a ń lé sójú.

Bí òjé bá wọ inú ara, májèlé ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò lè pa ara lára.

KÍ NI Ó Ń ṢE FÚN ỌMỌBÌNRIN?

Bí ọmọbìnrin bá fẹ́ bàlágà, ọpọlọ rẹ̀ á ránṣẹ́ sí ilé ẹyin tó wà nínú ikùn rẹ̀ pé àkókò tó. Ọmú á yọ. Lẹ́yìn náà, nǹkan oṣù á dé. Òjé lè dí iṣẹ́ yìí lọ́wọ́.

Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà tẹ àbọ̀ ìwádìí jáde lórí ọmọbìnrin tó lé ní 2,000. Lára àwọn ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú, ọmú pẹ́ kí ó tó yọ fún àwọn tí òjé pọ̀ lẹ́jẹ̀ wọn. Nǹkan oṣù wọn náà pẹ́ kí ó tó dé.

Òjé kì í tètè jáde lára. Inú egungun ló ń fara pamọ́ sí fún ọdún púpọ̀. Bí ọmọbìnrin náà bá dàgbà tó sì lóyún, ọlẹ̀ á máa fa oúnjẹ láti inú egungun ìyá rẹ̀. Òjé á bá a jáde, á sì wọ ara ọlẹ̀. Oyún lè wálẹ̀. Ọmọ lè kéré jù nígbà tí a bá bí i.

IBO LÓ Ń GBÀ WỌLÉ?

Èkíní ni tìróò. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà rí òjé lẹ́jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan. Tìróò tó wá láti Nàìjíríà ni wọ́n ń lé fún un. Nínú ìdá 100 tìróò náà, ó lé ní ìdá 82 tó jẹ́ òjé. Ọmọdé á fọwọ́ ra ojú, á sì fi ọwọ́ náà sẹ́nu.

Èkejì ni ẹran ìgbẹ́. Nílẹ̀ Benin wa níhìn-ín, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá àti ọmọ wò ní agbègbè Àlàdá. Àbọ̀ náà jáde ní ọdún 2016. Òjé pọ̀ lára àwọn ọmọ tó ń jẹ ẹran tí a fi ọta òjé pa ju àwọn yòókù lọ. Ọta máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ nínú ẹran, ojú kò sì lè rí i.

Ẹ̀kẹta ni bátìrì. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Senegal, ọmọdé 18 kú láàrin ìparí ọdún 2007 àti oṣù kẹta ọdún 2008. Àwọn èèyàn ń yọ òjé nínú bátìrì àlòkù ládùúgbò wọn.

KÍ LA Ó ṢE?

Ẹ má ṣe lé tìróò fún ọmọdé mọ́. Kì í ṣe gbogbo tìróò ló ní òjé, ṣùgbọ́n a kò lè fi ojú mọ èyí tó ní in.

Ẹ gé ẹran tó yí ojú ọta ká sọnù. Ẹ má fi ẹran tí a yìnbọn pa fún aboyún àti ọmọdé. Ọ̀yà tí a ń sìn nílé dára jù fún wọn.

Ẹ má ṣe fọ́ bátìrì, ẹ má sì yọ́ òjé nínú ọgbà ilé.

Ẹ fún ọmọbìnrin ní ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, wàgàsì àti ẹja kéékèèké tí a ń jẹ tegungun-tegungun. Bí ara bá rí oúnjẹ gidi, òjé kì í ráyè púpọ̀.

Bí ọmọbìnrin bá pé ọdún 13 tí kò tíì yọ ọmú, tàbí tó pé ọdún 15 tí kò tíì rí nǹkan oṣù, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn. Àìsàn tàbí àìjẹun dáadáa náà lè fà á. Ẹ má ṣe sọ pé ayé ló ń ṣe é. Ẹ má sì fi í ṣe ẹlẹ́yà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ OLÙGBỌ́

1. Ibo ni òjé ń fara pamọ́ sí nínú ara?
2. Ta ló ń lé tìróò fún ọmọdé nílé yín? Ta ni yóò bá a sọ̀rọ̀?
3. Ibo ni a ń da bátìrì àlòkù sí ní abúlé yín?

Ẹ kà á fún ẹni tí kò tíì mọ̀wé. Ó dàbọ̀ o.