Ẹ́ńjìnnì Tó Kú Lẹ́ẹ̀mẹ́ta
(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀rọ bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé)

  A mọ̀ pé ọmọ ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi sílẹ̀ ti àtẹ, nítorí náà a ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí, a gbọ́dọ̀ sọ ọ́ tán lónìí, torí ohun tí àwọn kan ń sọ nísàlẹ̀ ìsọ̀ ti dé etí wa: pé ìgbìmọ̀ ẹ̀rọ ti fi owó ẹgbẹ́ se ọbẹ̀ jẹ. A ò bínú. Ẹni tó dáwó ló lẹ́nu láti béèrè. Ẹ jẹ́ ká rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ wá dá ẹjọ́ náà fúnra yín.

Kí ẹ̀rọ tó dé, páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ni àwọn ìyá wa fi ń rin gbágùúdá. Àwọn àgbà inú wa ṣì ní àpá rẹ̀ ní ìka. Ẹ́ńjìnnì tí a wá fi owó ẹgbẹ́ rà, kì í ṣe ti gàrí láti ilé rẹ̀ wá. Ẹ́ńjìnnì tírákítọ̀ kékeré ni, èyí onítáyà méjì tí àwọn ará Ṣáínà máa ń rìn tẹ̀ lé lẹ́yìn tí wọ́n bá ń túlẹ̀ oko ìrẹsì. S195 ni wọ́n kọ sí i lára. 1 yẹn ni pé sílíńdà kan ṣoṣo ló ní. 95 ni pé ihò tí písítìnnì ń gbà lọ gbà bọ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 95. Agbára ẹṣin 12 ló ní, tó bá sáré dé ojú ẹ̀, á yí ìgbà 2,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Tiwa yìí kò ní rédíétọ̀. Àgbá omi kékeré kan ló wà lórí rẹ̀, bí ìkòkò ṣe ń wà lórí ààrò. Omi ibẹ̀ á máa hó, á máa gbẹ, ẹni tó ń wa ẹ̀rọ á máa bu kún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú Iléyá ló kọ́kọ́ kú. Ẹ mọ bí Ìjẹ̀bú-Òde ṣe máa ń rí nígbà yẹn. Àwọn ọmọ wa á máa wọlé láti Èkó àti òkè òkun fún Ojúde Ọba, ta ló sì máa padà láìdi gàrí Ìjẹ̀bú sẹ́yìn ọkọ̀? Gàrí tiwa kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n rin láàárọ̀ tí wọ́n yan lálẹ́. Ó gbọ́dọ̀ kan fún ọjọ́ mélòó kan kó tó jẹ́ tiwa. Gbágùúdá pàápàá kì í dúró de ẹnikẹ́ni: tí a bá ti wú u, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á ti máa ní ìlà dúdú. Àwọn tó ti já ẹrù ọkọ̀ kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó jókòó tì í, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń bàjẹ́. Ìyá kan nínú wa tilẹ̀ padà sórí páànù onílílu, páànù sì ya á lọ́wọ́.

Mẹkáníìkì tí a pè ní ríìngì ló jẹ, ìyẹn àwọn òrùka irin tó yí písítìnnì ká. A rà á, ó fi sí i, ẹ́ńjìnnì dún. Inú wa dùn. Kò pé oṣù méjì, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lu kò-kò-kò nínú ikùn. Wọ́n ní bẹ́ríìnì ni. A tún rà á. Nígbà kẹta, bẹ́ríìnì tuntun yẹn náà ti jóná, ó sì ti ha ara kíráǹkì, irin tí písítìnnì ń yí.

Ìgbà náà la wá dẹ́ṣẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń wa ẹ̀rọ fún wa, a ní òun ló ń ta ọ́ìlì gidi tí a ń rà, tó ń rọ́ pàǹda sí i. Ọmọ náà ń sọ pé, “Màmá, ọ́ìlì yìí ò dínkù o, ṣe ló ń pọ̀ sí i.” A rẹ́rìn-ín. Ta ló ti rí ibi tí ọ́ìlì ti ń bímọ nínú ẹ́ńjìnnì? A ní kó lọ jókòó sílé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi jókòó.

Àwọn kan nínú yín ní ká ta á fún àwọn onírin àlòkù. Díẹ̀ báyìí ló kù ká gbà. Bàbá kan la bá pàdé, tó ti bá tírákítọ̀ oko ìjọba ṣiṣẹ́ rí kó tó fẹ̀yìn tì. Ohun àkọ́kọ́ tó béèrè kì í ṣe irú bẹ́ríìnì tí a rà. Ó ní, “Ẹ̀yin ìyá, ọ́ìlì tí ẹ dà nù, báwo ló ṣe rí?” A ń wo ara wa lójú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n àfi ọmọ tí a lé. A ránṣẹ́ pè é. Ó ní ó rí bíi Bournvita tí wọ́n da mílíìkì sí. Bàbá mi orí, ó ní, “Omi lẹ fi ń pò ó.”

Ó tú ọ́ìlì inú rẹ̀ jáde pátá, ó ṣí ìdérí ẹ̀yìn, ó rọ omi kún àgbá òkè, ó ní ká jókòó. A jókòó. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí inú wa máa fi kírun alaásárì dé, ẹ̀kán omi kan ti so sí ìdí sílíìfù. Sílíìfù ni ọ̀pá irin tí písítìnnì ń sáré nínú rẹ̀; omi ló yí i ká lẹ́yìn, ọ̀já rọ́bà méjì péré nísàlẹ̀ ló ń dènà kí omi yẹn má bọ́ sínú ọ́ìlì. Rọ́bà tiwa ti le gan-an bíi pọ̀nmọ́ gbígbẹ. Omi ń kán wọlé díẹ̀díẹ̀, òun ló ń mú kí ọ́ìlì pọ̀ sí i. Ọ́ìlì tí omi bá ti bà jẹ́ kò lè dúró láàárín irin méjì mọ́, irin á wá máa jẹ irin. Bẹ́ríìnì tí a ń pààrọ̀, ohun tí àìsàn bà jẹ́ là ń pààrọ̀, àìsàn fúnra rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Kí ló wá mú kí rọ́bà le? Iná. Ṣáájú Iléyá yẹn, lọ́jọ́ tí èrò pọ̀, omi gbẹ tán lórí rẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ pa á. Ta ló sọ pé kó má pa á, pé kó jẹ́ kí ẹrù tó wà nílẹ̀ tán ná? Àwa ni. Àwa ìgbìmọ̀ yìí kan náà. A tún ní kí wọ́n tètè bu omi tútù lù ú, bẹ́ẹ̀ omi tútù lórí irin tó ti gbóná lè là á sí méjì. Ọlọ́run ló yọ wá tí orí ẹ́ńjìnnì náà kò sán.

Lẹ́yìn èyí la jẹ́ kí Bàbá tú u palẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà yìí, a ò ra ohun kan fi ẹ̀kejì sílẹ̀. Ó fi irin ìwọ̀n wo inú sílíìfù: ó ti jẹ, ó fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ. Ríìngì tuntun tí a kọ́kọ́ fi sí i, bí ìgbà tí a fi ọmọrí tuntun dé ìkòkò tó ti wọ́ ni. A ra sílíìfù, písítìnnì àti ríìngì pọ̀, pẹ̀lú ọ̀já rọ́bà méjèèjì. A gbé kíráǹkì lọ fún àwọn tó ń fá irin, wọ́n fá ojú rẹ̀ tó ti ha, a sì ra bẹ́ríìnì tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láti dí àyè tí wọ́n fá kúrò. Bàbá fi omi ọṣẹ pa rọ́bà kó tó ti sílíìfù wọlé, kó má bàa lọ́. Kó tó gbé kíráǹkì padà, ó tún rọ omi sí i, ó fi tákàdá funfun sábẹ́, ó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tákàdá gbẹ. Nọ́ọ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, kò fún ọ̀kan pa kó tó kan èkejì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fún wọn, láti igun sí igun, ó sì tún padà wá fún wọn lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó tún ti tutù.

Lọ́jọ́ tó ń ṣe é, ó sọ ohun kan fún wa tó pa wá lẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé a mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni dísẹ́ẹ̀lì tí à ń rà yìí? Rudolf Diesel, ẹni tó ronú irú ẹ́ńjìnnì yìí ní ilẹ̀ Jámánì. Ọdún 1893 ló dán ti àkọ́kọ́ wò ní ìlú Augsburg, ó bú mọ́ wọn lójú. Ó ń tú u, ó ń tò ó, títí di 1897 kó tó ní èyí tó ṣiṣẹ́ yanjú. Ìyá alátà kan dá a lóhùn pé ẹni yẹn kò ní gbágùúdá tó ń jẹrà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Owó ìgbà méjèèjì àkọ́kọ́, ká má purọ́, ó ṣòfò. Tí a bá rò ó pọ̀ mọ́ ti ìgbà kẹta, díẹ̀ ló kù kó tó ra tuntun. A ò jẹ nínú rẹ̀, àmọ́ àwa la fi àìgbọ́ràn ná an. Ọmọ tí a lé, a lọ bẹ̀ ẹ́ níwájú ìyá rẹ̀. Owó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó fi jókòó, àwa ìgbìmọ̀ ló san án láti àpò wa, kò sí nínú ìṣirò ẹgbẹ́. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti ìsinsìnyí, láràárọ̀ kó tó ṣáná sí i, á fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì yọ, á kọ ohun tó rí sínú ìwé: ó lọ sílẹ̀ ni o, ó gòkè ni o, àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà ni o. Tó bá sì pa ẹ̀rọ torí omi, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pariwo mọ́ ọn, ìbáà jẹ́ ìyálọ́jà.

Ìwé náà rèé lórí tábìlì, pẹ̀lú gbogbo rìsíìtì. Ẹ ṣí i wò kí ẹ tó lọ. Bẹ́ríìnì tó jóná náà wà nínú ọ̀rá, fún ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ la máa pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́ lẹ́yìn títún un ṣe yìí, ẹ̀rọ ò ní ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán. Ẹ má kó gbágùúdá wá láàárọ̀ ọjọ́ náà.