Katapílà Ìṣeré: Agbára Ló Ń Fẹ́, Kì í Ṣe Eré

Àwọn kan nínú yín bi mí pé: katapílà oní-rìmóòtù tí à ń fi gbẹ́lẹ̀ ṣeré, tí wọ́n rà fún ọmọ-ọmọ, kí ló dé tí kì í lè rìn lórí iyanrìn? Ṣé kí wọ́n fi mótò oníná tó yára sí i? Rárá o!

Ìrìn bíi kìlómítà 5 ní wákàtí kan ni katapílà gidi ń rìn. Bí ti ọmọdé bá jẹ́ ìdá kan nínú 14 rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó.

Ẹ rántí ẹ̀kọ́ físíìsì wa: bí jíà bá dín eré kù sí ìdajì, agbára á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Mótò tó ní jíà onírin, tó ń yí jẹ́jẹ́, ni kẹ́ ẹ rà. Kí méjèèjì bára mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò máa yà sí.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra! Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá há ni mótò ń fa iná jù. Bí pánẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kò bá lè gbé e, jíjó ló máa jó. Ẹ mọ iye ámpù tí mótò ń fà bó bá há, kẹ́ ẹ sì wá pánẹ́ẹ̀lì tó lè gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kọ́mọ náà jókòó tì yín, kó fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ jíà. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.