Ayàwòrán Tí Ó Ń Gbọ́ Ìlù

  A mọ̀ pé ó ti rẹ ẹlòmíràn nínú yín kí ó tó dé kíláàsì lálẹ́ yìí. A kò ní pẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwòrán ni a fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n ìdí ìlù ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí Ẹdẹ ni a wà.

Ta ni kò gbọ́ nípa Tìmì Láoyè ní ìlú yìí? Ọba John Adétóyèṣe Láoyè gorí oyè ní 1946, ó sì wà lórí rẹ̀ títí di 1975. Ọba ni, síbẹ̀ ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ìlù. Iṣẹ́ tí àwọn kan ń fi ojú alágbe wò, ọba gbé e kọ́ èjìká. Ó tún kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá.

Ẹ mọ ẹbí dùndún. Ìyá ìlù ni ó ń sọ̀rọ̀, òun ni ṣaworo yí ojú rẹ̀ ká. Gúdúgúdú kékeré wà ní ọrùn onílù, bílálà méjì ni a fi ń lù ú. Ohun kan náà ni ó ń wí léraléra, títí ìlù yóò fi dákẹ́. Ìsáájú àti kẹríkẹrì ń gbè é. Bí gúdúgúdú bá dákẹ́, ìyá ìlù á dà bí ẹni tí ó ń dá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ní Òṣogbo, níbí tí kò jìnnà sí wa, ọkùnrin kan wà tí ó ti ṣe tíṣà rí. Dúró Ládiípọ̀ ni. Ó gbé dùndún wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì fún orin Àjíǹde. Àwọn kan nínú ìjọ bínú sí i. Kò bá wọn jà. Ó gbé ìlù rẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Ní 1962 òun àti Ulli Beier, òyìnbó ará Jámánì tí ó ti gbé Ẹdẹ yìí rí, dá ẹgbẹ́ Mbari Mbayo sílẹ̀. Orúkọ Ìgbò ni Mbari. Ẹnu àwọn ará Òṣogbo ni ó ti di “m̀bá rí, m̀bá yọ̀.”

Ní 1963 wọ́n ṣe eré Ọba Kòso níbẹ̀. Ẹ mọ ìtàn náà jù wá lọ: Ṣàngó ní Ọ̀yọ́, Gbọ̀ọ́nkáà, àti Tìmì Ọlọ́fà-iná tí a rán wá sí Ẹdẹ. Ìtàn ìlú wa ni. Ẹnu onílù àti ẹnu àwọn tí ń pe Ṣàngó ni ó wà kí ó tó di eré. Ní 1964 wọ́n gbé e dé Berlin, ti bàtá ti dùndún.

Inú ẹgbẹ́ eré yìí ni ayàwòrán wa ti jáde. Mùráínà Oyèlámì ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìràgbìjí, a bí i ní 1940. Ó ń ṣeré, ó ń lùlù. Ní 1964 Georgina Beier ṣí kíláàsì àwòrán ní Òṣogbo. Mùráínà mú ọ̀dà níbẹ̀. Jímọ̀ Bùráímọ̀, tí ó ń tọ́jú iná fún ẹgbẹ́ eré, wà níbẹ̀. Òun ni ó wá ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán lẹ́yìn náà. Táíwò Ọláníyì, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven, ijó ni ó jó dé Òṣogbo kí ó tó di ayàwòrán.

Bí ẹ bá rí àwòrán Twins Seven-Seven, ẹ sún mọ́ ọn. Kò fi àyè sílẹ̀. Ìlà wẹ́wẹ́, àmì wẹ́wẹ́, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, láìsinmi. Gúdúgúdú nìyẹn. Láàárín wọn ni iwin tàbí ẹranko ńlá kan ti yọjú tí ó ń sọ̀rọ̀. Ìyá ìlù nìyẹn. Òun kọ́ ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa o, ojú wa ni a fi rí i.

Mùráínà ní tirẹ̀ kò tìtorí ọ̀dà fi ìlù sílẹ̀. Ó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ní 1989 ìwé rẹ̀ lórí dùndún jáde, èyí tí ó tẹ̀lé e ní 1991 sì jẹ́ ti bàtá. Nínú ti dùndún, ó wá ọ̀nà tí a lè gbà kọ ìlù sórí ìwé, kí ẹni tí kò bá onílù gbé lè kà á kí ó sì lù ú. Ayàwòrán ni ó ṣe èyí, kò sì yà wá lẹ́nu. Ojú rẹ̀ ti mọ́ ìlà, etí rẹ̀ sì ti mọ́ ìlù.

Bàbá onílù kan wà láàárín yín níbí. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ó fi bá a, b, d wọ̀jà. Ọjọ́ tí a dé orí àmì ohùn, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tíṣà, ohun tí mo ti ń fi ọsán ṣe láti kékeré ni ẹ ń fi ṣọ́ọ̀kì ṣe yìí.” A kọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sí pátákó. Ó fún ìlù mọ́ abíyá, ó lu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìṣì kan. Ẹ̀yin náà ṣe àtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn kíláàsì ni ó wá bá wa. Ọmọ rẹ̀ kan ń wa ọkọ̀, èkejì ń tún fóònù ṣe, kò sí ẹni tí ó di ìlù mú. Oríkì ìdílé mọ́kànlá wà lórí rẹ̀. Ó ní, “Bí mo bá kú, ta ni yóò kì wọ́n?” A kò rí èsì fún un. Ìwé àti pẹ́ńsù ni a fún un. Ó ti kọ mẹ́rin. Òjò ba ọ̀kan jẹ́, ó tún un kọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ó sì tì wá lójú. Nígbà tí a jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, a bá ọmọkùnrin kan tí ó ń ya ìlù sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò rẹ̀. Ọmọ ilé onílù ni. A nà án, a ya ìwé náà. A ní ilé-ìwé kì í ṣe ojúde ọba. Nígbà náà, ìwé méjèèjì Mùráínà ti jáde, àwa ni a kò mọ̀. Ohun tí a rántí nínú àwòrán náà ni pé ọmọ náà ya ṣaworo lọ́kọ̀ọ̀kan yí ojú ìlù ká, ó sì kọ iye wọn sí ẹ̀gbẹ́.

Ó ti dàgbà. Ó ń kọ pátákó ìpolówó ní Òkè Gádà. Òun ni ó kọ orúkọ kíláàsì wa sí ara ògiri tí ẹ ń wò yìí. A ná owó iṣẹ́, kò gbà á. Nígbà tí ó kọ ọ́ tán, ó ya ìlù kékeré kan sí abẹ́ rẹ̀, ti ṣaworo ti ọsán. Ó wo ojú wa. A ní, “Ẹ ṣé o.”