Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ Tí Àìsàn Rẹ̀ Ń Lọ, Tí Ó Tún Ń Bọ̀

Ọ̀rọ̀ tí alábẹ̀wò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbò

 

Ìwé owó ni ẹ mọ̀ mí mọ́. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá. Ohun tó fà á ni pé nínú ìwé ẹ̀yáwó tí mo ń yẹ̀ wò, mo máa ń rí orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta láàrin ọdún kan. Ẹ̀yáwó àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí a fẹ́ rà. Èkejì, àtúnṣe ọkọ̀. Ẹ̀kẹta, àtúnṣe ọkọ̀ náà ni. Ọkọ̀ tó yẹ kó máa san gbèsè ara rẹ̀ ti di ẹni tí ń jẹ gbèsè kún gbèsè, onígbọ̀wọ́ sì ti ń wá ibi yà sí bí ó bá rí akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán.

Ohun tó bá bàjẹ́ tán nínú ọkọ̀ kò ṣòro. Bí bẹ́líìtì bá já, gbogbo ènìyàn ló máa rí i pé ó já. Àìsàn tí ń lọ tí ń bọ̀ ni ó ń jẹ owó. Ọkọ̀ á kú lójú títì, ṣùgbọ́n bí a bá wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, kíá ni yóò dáhùn, bí ọmọ tí ibà rẹ̀ lọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù. Mẹkáníìkì kò rí nǹkan kan, kò sì fẹ́ kí ẹ lọ bẹ́ẹ̀, ni ó bá pààrọ̀ ohun tó fura sí.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Á kú lọ́sàn-án gangan. Bí mo bá jókòó sábẹ́ igi fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, yóò dáhùn, yóò sì gbé mi délé bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. A pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. A pààrọ̀ pọ́ǹpù epo. A ra bátìrì tuntun. Ìgbà tí wọ́n dé orí bírénì bọ́ọ̀sì, èyíinì ni ọpọlọ ọkọ̀, tí wọ́n sì sọ iye rẹ̀ fún mi, mo ní kí wọ́n dúró ná.

Mo fi ìwé pélébé kan sínú ọkọ̀. Mo ń kọ ọjọ́ àti aago sí i, bí epo ṣe kù tó, òjò tàbí oòrùn, bóyá ọkọ̀ ń sáré ni tàbí ó dúró, àti iná tó tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé náà sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ kò kú láàárọ̀ rí. Kò kú nínú òjò rí. Ìgbà tó bá rìn jìnnà nínú oòrùn, tí a wá há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ni ó ń kú. Mo sì tún kíyè sí i pé bí mo bá ń ṣíná tí kò dáhùn, abẹ́rẹ́ tí ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì kì í kúrò lórí òdo.

Mo gbé ìwé yìí fún rìwáyà kan, èyíinì ni ẹni tí ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ó kà á tán, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní sẹ́ńsọ̀ kan wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí ń sọ fún ọpọlọ ọkọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń yí. Bí ó bá dákẹ́, ọpọlọ kò ní mọ ìgbà tí yóò fi iná sí púlọ́ọ̀gì. Ooru a máa pa á, bí ó bá tutù a tún jí. Ó so ẹ̀rọ tí ń ka àìsàn ọkọ̀ mọ́ ọn, ó rí kóòdù P0335, tó jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀ náà gan-an. Inú mi dùn. A ra sẹ́ńsọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ọkọ̀ kú.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí nìyí. Kóòdù yẹn kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ bàjẹ́. Ó ní ìròyìn láti ọ̀nà sẹ́ńsọ̀ kò dé bó ti yẹ. Sẹ́ńsọ̀ wà lójú ọ̀nà náà, wáyà wà níbẹ̀, ibi tí wáyà ti kira bọ ara wọn náà wà níbẹ̀. Bí ìwé owó ẹgbẹ́ bá dín ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, ṣé akápò ló jí i ni? Ó lè jẹ́ akọ̀wé ló ṣì í kọ. A gbé ọkọ̀ sókè nígbà tó ṣì gbóná, a ń fi ọwọ́ mi wáyà náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, ó sì kú lójú wa. Wáyà ti fara ti páìpù èéfín, rọ́bà ara rẹ̀ ti yọ́, bàbà inú rẹ̀ sì ń kan irin. Kò gùn tó apá mi. N kò ní sọ iye tí mo ti ná kí a tó dé ibẹ̀, nítorí ìyàwó mi wà níjòókòó.

Bí ó bá jẹ́ pé rédíò ń kú fúnra rẹ̀, tí iná ń mọ́lẹ̀ tó tún ń ṣókùnkùn, tí onírúurú iná sì tàn lẹ́ẹ̀kan náà ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ má rò pé àìsàn mẹ́wàá ni. Ẹ kọ́kọ́ wo orí bátìrì, àti wáyà nínípọn tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì. Bátìrì tó kún, tí ọkọ̀ ti sinmi, máa ń ka bíi 12.6 lórí mítà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó sábà máa ń wà láàrin 13.5 sí 14.7. Kí ẹnì kan máa ṣíná, kí ẹ fi mítà kan ẹsẹ̀ odi bátìrì àti ara ẹ́ńjìnnì: bí ó bá ju 0.5 lọ, wáyà ilẹ̀ yẹn kò dára.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú bátìrì kí iná ẹ́ńjìnnì lè kú ṣáájú kí a tó ka kóòdù. Akápò tó fa ojú ewé ya kí n tó dé ni onítọ̀hún.

Ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó, ọ̀dọ̀ yín ni mo ń bọ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996, àti ti epo bẹntiróòlù ní Yúróòpù láti 2001, ní ojú ìsọ kan náà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló lè kà wọ́n. Ẹ má yá ẹnikẹ́ni lówó ọkọ̀ tí a kò kà. Kí a ṣíná rẹ̀ láàárọ̀ nígbà tó tutù, kí a wà á fún wákàtí kan, kí ó dúró pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù, kí a tún kà á. Bí ẹ̀rọ bá sọ pé ọkọ̀ kò tíì parí àyẹ̀wò ara rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń tà á ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́. Ẹ ṣí kápẹ́ẹ̀tì wò pẹ̀lú, kí ẹ wo abẹ́ táyà àfipamọ́. Bí ẹ bá rí ẹrẹ̀ tó ti gbẹ, tí ẹnu wáyà sì dà bí ewé tútù, omi ti bo ọkọ̀ náà rí. Èyí kì í sàn tán, èmi kò ní buwọ́ lù ú.

Mo mú mítà àti ẹ̀rọ akàkóòdù wá. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ wá lónìí, kí a jáde lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí ilẹ̀ tó ṣú.