Mẹ́mọ́rì Káàdì àti Àkọsílẹ̀ Ẹgbẹ́ Wa
(Ọ̀rọ̀ tí àwa ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ọjọ́ àyájọ́)

  

Wọ́n ní kí á wá sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ń dààmú púpọ̀ nínú wa, ìyẹn tábúlẹ́tì tó kún. Akọ̀wé fẹ́ ya fọ́tò ojú ìwé owó, ẹ̀rọ ní kò sí àyè mọ́. Ọmọ fẹ́ kó ìwé ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀, kò sí àyè. Ẹlòmíràn á ní kí á tà á, kí á lọ ra tuntun. Ẹ dúró ná. Káàdì pẹlẹbẹ kan wà tó tó èékánná àtàǹpàkò, òun ni mẹ́mọ́rì káàdì, ó sì lè fi àyè kún àyè. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí ju ọ̀rọ̀ àyè lọ. Àyè yàtọ̀ sí ààbò. Nǹkan lè rí ibi dúró sí, kó má sì wà ní ìpamọ́.

Káàdì yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní ọdún 1999 ni SanDisk ti Amẹ́ríkà pẹ̀lú Toshiba àti ilé iṣẹ́ tó ni Panasonic, àwọn méjèèjì ti Japan, pawọ́ pọ̀ gbé irú rẹ̀ kalẹ̀. Èyí tó kéré jù, tí wọ́n ń pè ní microSD, gba orúkọ yẹn ní ọdún 2005. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lọ́jà, ẹ ó rántí ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ tó ní kọ̀ǹpútà ń gbowó lọ́wọ́ wa kí wọ́n lè bá wa kó orin àti fíìmù sínú mẹ́mọ́rì fóònù. Káàdì ọ̀hún náà ni.

BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ẹ jẹ́ kí á fi ṣọ́ọ̀bù ṣe àpẹẹrẹ. Inú tábúlẹ́tì ni ṣọ́ọ̀bù. Mẹ́mọ́rì káàdì ni yàrá ẹrù tí a kọ́ mọ́ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹrù bá pọ̀ jù, a ó kó díẹ̀ lọ sẹ́yìn, iwájú á sì fúyẹ́. Àtẹ tún wà níwájú, níbi tí a ń kó ohun tí à ń tà lọ́wọ́lọ́wọ́ sí. Àtẹ yẹn ni wọ́n ń pè ní RAM. Káàdì kì í fẹ àtẹ. Nítorí náà, bí tábúlẹ́tì bá ń lọ́ra nítorí pé àtẹ rẹ̀ kéré, ẹ má retí pé káàdì ni yóò mú un yára.

Kì í ṣe gbogbo tábúlẹ́tì ló ní ihò káàdì. iPad kò ní in rárá. Samsung Galaxy Tab A8 ní in, ó sì lè gba káàdì tó tó 1,000 GB. Kí ẹ tó lọ rà, ẹ wo ìwé tó bá ẹ̀rọ yín wá, ẹ wo iye tó lè gbà. Káàdì tó ju 2 GB lọ títí dé 32 GB ni wọ́n ń kọ SDHC sí lára. Èyí tó ju 32 GB lọ, tó lè dé 2,000 GB, SDXC ni wọ́n ń kọ sí i. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ mìíràn wà tí kò lè ka SDXC.

Fún àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, 32 GB ti tó wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí fọ́tò ojú ìwé kan bá gba 3 MB, káàdì náà yóò gba nǹkan bí 10,000 ojú ìwé. Fídíò ayẹyẹ ló ń jẹ àyè, kì í ṣe ìwé. Bí ẹ bá sì rí 29 GB lórí káàdì tí wọ́n kọ 32 sí, ẹ má bá ẹni tó tà á jà. Ẹni tó ṣe káàdì ń fi 1,000 kà, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń fi 1,024 kà. Ẹ mọ̀ pé kóńgò ọjà kan lè ju ti ọjà kejì lọ.

KÓŃGÒ TÍ WỌ́N TẸ ÌDÍ RẸ̀

Ìyẹn kì í ṣe jìbìtì. Jìbìtì gan-an wà o. Àwọn kan máa ń yí ohun tí káàdì ń sọ nípa ara rẹ̀ padà, tí káàdì 8 GB á máa pe ara rẹ̀ ní 128. Lọ́jọ́ tí ẹ rà á, kò sí wàhálà. Ìgbà tí ohun tó wọ inú rẹ̀ bá kọjá 8 ni ọ̀rọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá wọlé lẹ́yìn náà á bàjẹ́, tàbí kó gorí èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Orúkọ fọ́tò á ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kò ní ṣí. Kóńgò tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ sínú ni: lójú, ó kún, nínú, kò tó.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Káàdì ńlá tí owó rẹ̀ kéré ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ fura sí i. Ẹ gba rìsíìtì. Kí ẹ tó fi ohun pàtàkì sínú rẹ̀, ẹ ní kí ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà fi ètò H2testw yẹ̀ ẹ́ wò. Ètò náà á kó nǹkan kún inú káàdì dé ẹnu, á sì kà á padà láti mọ̀ bóyá ó pé. Orí káàdì tí kò tíì sí nǹkan nínú rẹ̀ ni kí wọ́n ti ṣe é.

BÍ A ṢE Ń FI SÍNÚ Ẹ̀RỌ

Ẹ pa tábúlẹ́tì, ẹ fi káàdì sí ihò rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ má fi tipátipá tì í. Bí ẹ bá tàn án, ó lè béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ yín. Láti ọdún 2015 tí Android 6 ti dé ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti ń béèrè rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn. Ṣé ẹ fẹ́ kó jẹ́ portable, àbí kó jẹ́ internal? Portable ni yàrá ẹrù tó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ẹ lè yọ ọ́, kí ẹ fi sínú fóònù mìíràn, á sì ṣí. Internal ni kí á wó ògiri àárín, kí yàrá ẹrù di ara ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ á ti káàdì náà pa mọ́ ara rẹ̀, ẹ̀rọ mìíràn kò sì ní lè kà á mọ́. Bí tábúlẹ́tì yẹn bá bàjẹ́ tàbí tí wọ́n jí i, ohun tó wà nínú káàdì bá a lọ nìyẹn. Fún àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, portable ni kí ẹ mú.

Bí ẹ̀rọ bá ní kí ẹ ṣe Format, ẹ má tẹ̀ ẹ́ bí nǹkan bá ti wà nínú káàdì, nítorí gbogbo rẹ̀ ni yóò pa rẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Storage, ẹ tẹ Eject tàbí Unmount, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fà á jáde. Ẹni tó fà á yọ nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń kọ nǹkan sí i lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

ÀWỌN ỌMỌ WA ŃKỌ́?

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti rí àpẹẹrẹ èyí. Ní ọdún 2013, nígbà ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ìjọba gbé tábúlẹ́tì Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì àgbà. Ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ti wà nínú rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ ọmọ, tí kò fi di dandan kí ó ra dátà kó tó kàwé. Ọgbọ́n yẹn ṣì wúlò. Ọmọ tó ní káàdì lè gba ìwé sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì wà, kó sì máa kà á nílé ní gbogbo ìgbà.

Ẹ̀DÀ KAN NÍBÍ, Ẹ̀DÀ KAN LỌ́HÙN-ÚN

Wàyí o, ẹ fún wa ní etí. Àkọsílẹ̀ ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹni tó ti ń dá owó láti ọdún mẹ́wàá, ojú ìwé ni ẹ̀rí rẹ̀ wà. Ẹni tó yáwó tó sì ti san án tán, ojú ìwé náà ló dá a láre. Lọ́jọ́ tí ìwé yẹn bá sọnù, ọ̀rẹ́ yóò máa bú ọ̀rẹ́.

Gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2025, nígbà tí ìjà ilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlú wa méjèèjì, tí ilé jóná, tí ẹ̀mí ṣòfò, tí ìjọba ìpínlẹ̀ kéde kónílé-ó-gbélé. A kò wá síbí láti pín ẹ̀bi. Ohun tí à ń sọ ni pé iná kì í béèrè ta ló ni ìwé kó tó jó o. Bí ìwé bá wà nínú àpótí, tí tábúlẹ́tì wà lórí àpótí, tí káàdì sì wà nínú tábúlẹ́tì, ẹ̀dà mẹ́ta kọ́ nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni, nítorí iná kan ṣoṣo ló máa kó gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, àbá wa nìyí. Kí ìwé tí a fi gègé kọ máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, kí akọ̀wé ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé tuntun, kó sì kó o sí káàdì méjì. Kí káàdì tó ní àkọsílẹ̀ ti Ìlobùú wà lọ́wọ́ ìyá kan ní Ìfọ́n. Kí ti Ìfọ́n wà lọ́wọ́ ìyá kan ní Ìlobùú. Kí káàdì kejì ti apá kọ̀ọ̀kan wà nílé, lọ́dọ̀ akápò.

Ẹnikẹ́ni tó bá mú káàdì lè fi sínú fóònù kó sì kà á, nítorí náà kí wọ́n dì í sínú àpò ìwé, kí ẹni méjì fọwọ́ sí ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ nọ́ńbà àṣírí ATM tàbí BVN sínú rẹ̀. Kí wọ́n pa á mọ́ kúrò nínú omi àti oòrùn. Kí á sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù bí a bá ti ń kó tuntun sí i, nítorí káàdì lè kú láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan lè bi wá pé ṣé a lè fọkàn tán ara wa tó bẹ́ẹ̀. Owó wa ti wà nínú àpò kan náà ṣáájú ìjà yẹn, kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Ìrẹ́pọ̀dùn ni orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìlobùú jẹ́ olú rẹ̀. Kó má jẹ́ ara pátákó nìkan ni orúkọ náà ti máa ní ìtumọ̀. Ẹni tó bá ń bá wa tọ́jú ẹ̀rí owó wa ní ìlú kejì, ẹni wa ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé àbá yìí yẹ̀ wò ní ìpàdé tó ń bọ̀.